Irin Ti Kúrò, Ọ̀nà Ò Lọ: Ìbéèrè Yín Lórí Rélùwéè Àtijọ́ Ìlú St. Louis

Nínú ìwé wa tó jáde gbẹ̀yìn, a gbé fọ́tò afárá Eads tó wà ní St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà jáde, ìlà méjì péré la sì kọ sábẹ́ ẹ̀, pé ọdún 1874 ni wọ́n ṣí i àti pé rélùwéè ṣì ń gba inú ẹ̀ kọjá dòní olónìí. Àṣé ilé agbọ́n la tọwọ́ bọ̀. Lẹ́tà ń wọlé, ohùn ń wọlé lórí WhatsApp, kódà bàbá kan pè wá pé irọ́ la pa, pé kò sí afárá irin tó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má wó. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, mo gé èyí tó gùn jù, àwọn tó béèrè ohun kan náà mo sì so wọ́n pọ̀. Ó yá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, iṣẹ́ afárá àti títì ni mò ń kọ́ ní Pólì. Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní erin ni wọ́n fi dán afárá yẹn wò kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn gùn ún, àti pé àìsàn kan wà lábẹ́ odò yẹn tó ń pa àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé kì í ṣe àlọ́ nìyẹn? (Ọmọ Pólì, Ìbàdàn)

Àbúrò, méjèèjì ṣẹlẹ̀. Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti àìsàn yẹn, torí òun ló wúwo jù.

Ìsàlẹ̀ odò Mississippi níwájú St. Louis, iyanrìn ni, iyanrìn tó ń rìn pàápàá, bí omi bá kún á gbá a lọ, á tún kó òmíì wá. James Eads tó ya afárá náà mọ èyí dáadáa, kì í ṣe inú ìwé ló ti mọ̀ ọ́n o, iṣẹ́ tó fi ń jẹun nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ni kó máa wọ inú odò lọ yọ ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi tó bá rì, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn nísàlẹ̀ odò yẹn. Kò sì tíì kọ́ afárá kankan rí kó tó dáwọ́ lé eléyìí! Ohun tó sọ ni pé òpó afárá ò gbọdọ̀ dúró lórí iyanrìn, àfi kó kan àpáta, àpáta yẹn sì jìn, tọwọ́ ìlà oòrùn lé ní 90 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú omi.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n kan àpótí irin ńlá kan tí kò ní ìdí, wọ́n rì í sódò, wọ́n wá ń fi ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀ kí omi má bàa ráyè wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú àpótí yẹn tí wọ́n ń kó iyanrìn, àwọn bíríkìlà wà lókè tí wọ́n ń to òkúta òpó lé e lórí, bó ṣe ń wúwo sí i náà ló ń rì sí i, bó ṣe ń rì ni wọ́n ń fi kún agbára afẹ́fẹ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ kò sí wàhálà púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá jáde ni ìjà máa ń dé. Afẹ́fẹ́ tó ti ràn mọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n bá yára jáde síta, á máa hó nínú ara wọn bí ìgbà téèyàn ṣí ìgò mínírà tí wọ́n ti mì. Oríkèé á máa ro wọ́n, inú á máa lọ́ wọn, ẹsẹ̀ ẹlòmíì á rọ, ẹlòmíì á ṣubú kó sì kú. Lọ́dún 1870 tí iṣẹ́ ń lọ yẹn kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń so ìgbànú àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi sínkì àti fàdákà ṣe mọ́ra, oǹdè òyìnbó nìyẹn, kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ kankan. Dókítà Alphonse Jaminet, tó jẹ́ dókítà Eads fúnra ẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibẹ̀, ó lò ju wákàtí méjì lọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ péré ló fi jáde, nígbà tó fi délé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ, ó rò pé òun ti kú tán. Orí kó o yọ. Òun ló wá ní kí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù, kí àwọn èèyàn máa sinmi. Síbẹ̀ àwọn tó kú lé ní mẹ́wàá. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní kànga epo inú òkun lónìí, tí wọ́n máa ń rọra gòkè díẹ̀díẹ̀, ohun tí ẹ̀mí àwọn yẹn kọ́ ayé ni wọ́n ń jẹ.

Ti erin ńkọ́? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1874, wọ́n da erin kan gba orí afárá náà kọjá lójú ọ̀pọ̀ èrò, torí wọ́n gbà pé erin kì í tẹ ibi tí kò bá gbà á. Erin rìn dé òdìkejì, ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Eads kó ẹ̀rọ rélùwéè 14 jọ tó ní kí wọ́n máa lọ máa bọ̀ lórí ẹ̀. Èmi o, ti ẹ̀rọ 14 yẹn ni màá gbọ́kàn lé. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni wọ́n ṣí i. Tó o bá ń kọ àsáìmẹ́ńtì, fi kún un pé afárá ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ fi sítíìlì ṣe nìyẹn, ìgbà tó jẹ́ pé irin lásán làwọn tó kù ń lò, irin mẹ́ta tó tẹ̀ bí ọrun ọfà ló gbé e dúró, tàárín fẹ̀ tó 520 ẹsẹ̀ bàtà, ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ lókè, rélùwéè nísàlẹ̀.

Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ó pẹ́ dé o. St. Louis ti wà láti 1764, àwọn oníṣòwò awọ ẹran tó jẹ́ ará Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó, ọkọ̀ ojú omi ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, nítorí náà àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ afárá sétí. Chicago ò dúró dè wọ́n, rélùwéè tiwọn ti gba Rock Island sọdá Mississippi láti 1856. Nígbà tí St. Louis fi máa ṣe tiẹ̀, ẹrù ti mọ ọ̀nà Chicago. Ilé iṣẹ́ tó ni afárá yìí kógbá sílé ní 1875, ọdún kan péré! Rélùwéè èrò dáwọ́ dúró nínú ẹ̀ ní 1974, ó ṣófo fún nǹkan bí ogún ọdún, lẹ́yìn náà ni rélùwéè ìgboro tí wọ́n ń pè ní MetroLink bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ ní 1993, kódà ihò abẹ́ ilẹ̀ tí rélùwéè 1874 ń gbà láàárín ìgboro náà ni wọ́n ń lò.

Nǹkan kan tún wà táwọn tó ń kó àlejò rìn kì í fẹ́ dárúkọ. Ní oṣù keje ọdún 1917, àwọn òyìnbó ya bo àwọn aláwọ̀ dúdú ní East St. Louis tó wà lódìkejì odò, wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń pa èèyàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì sá gba orí afárá Eads yìí kan náà wọ St. Louis pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wọn lè gbé. Bó o bá ń wo fọ́tò yẹn, rántí àwọn náà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní St. Louis fi fọ́tò ránṣẹ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, igi lọ́tùn-ún, òkè àpáta lósì, ó ní ojú irin rélùwéè àtijọ́ làwọn ń gùn yẹn. Mo wo ilẹ̀ títí, mi ò rí irin. Ta ló wú u? Ṣé wọn ò fowó ṣòfò báyìí? (Ìyá Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú orí ire ọmọ, ìyá mi. Bí ẹ ṣe júwe ẹ̀ yẹn, Katy Trail ló jọ. Rélùwéè Missouri–Kansas–Texas, táwọn èèyàn ń pè ní Katy, ló ni ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Machens, lápá àríwá St. Louis níbi tí odò Missouri àti Mississippi ti ń sún mọ́ra wọn, ó gba St. Charles, ó wá ń bá etí odò Missouri lọ títí, ó sì parí sí Clinton, gbogbo ẹ̀ súnmọ́ 240 máìlì. Tí ẹ bá wọ rélùwéè láti Èkó lọ sí Ìbàdàn tẹ́ ẹ tún bá a padà sí Èkó, ẹ ò tíì rìn ín tán.

Kò sẹ́ni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní kí wọ́n wú irin. Ọjà ti tú mọ́ ilé iṣẹ́ náà lórí tipẹ́, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, nígbà tó wá di 1986 odò Missouri kún, ó bá ojú irin wọn jẹ́ láwọn ibi tó pọ̀, wọ́n ṣírò owó àtúnṣe, wọ́n rí i pé kò mérè wá, ni wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n kó irin, wọ́n kó sílípà, ìyẹn àwọn pákó tí wọ́n tẹ́ irin lé. Ohun tó wá ṣẹ́ kù ni ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tó tẹ́jú, tó lọ geerege láti abúlé dé abúlé, pẹ̀lú àwọn afárá kéékèèké ẹ̀.

Ìyá mi, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an lọ́rọ̀. Irin, ẹni tó bá lówó lè ra òmíràn lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ láìjá, tí wọ́n ti bá onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lé lórí láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó já sí wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí ìjọba tó lè kó o jọ mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri fẹ́ ẹ, owó ni ò tó. Ọlọ́rọ̀ kan, Ted Jones, àti ìyàwó ẹ̀ Pat, ló fi 200,000 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà, wọ́n tún fi owó tó tó mílíọ̀nù méjì dọ́là kún un fún iṣẹ́ ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ kan bínú gan-an, wọ́n ní olè àti ọmọọ̀ta ló máa máa gba ẹ̀yìn oko àwọn. Síbẹ̀ wọ́n ṣí apá àkọ́kọ́ ní Rocheport ní 1990. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni àgbàrá ńlá 1993 dé tó tún gbá púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ, wọ́n tún un ṣe. Àṣé odò tó lé rélùwéè ò rí kẹ̀kẹ́ lé.

Ṣé òfò ni? Rárá o. Àwọn abúlé bíi Rocheport tí rélùwéè ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀, tí rélùwéè sì fi sílẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ń sùn nílé àlejò wọn tó ń jẹun níbẹ̀ báyìí. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ sí Rocheport yẹn, ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta kọjá ní 1893, ó gùn tó 243 ẹsẹ̀ bàtà, kẹ̀kẹ́ ló ń gba inú ẹ̀ báyìí. Kó sì wo nọ́ńbà máìlì tó wà lára òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ní Machens tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 0 ló máa bá níbẹ̀, 27 ni, torí pé nọ́ńbà rélùwéè ni wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti inú St. Louis ni Katy ti ń ka máìlì tiẹ̀. Ìyẹn wù mí ju gbogbo pátákó ìtàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ dákun, ìtàn dídùn lẹ̀ ń sọ. Ilẹ̀ ta ni? Bí rélùwéè bá lọ, ṣebí onílẹ̀ ló yẹ kó gba ilẹ̀ ẹ̀ padà. Ọmọ onílẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. (Ẹni Ọ̀rọ̀ Ká, Ìkòròdú)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí rélùwéè Amẹ́ríkà ń gbà, wọn ò rà á tán, ẹ̀tọ́ àtikọjá ni wọ́n ní lórí ẹ̀, bí wọn ò bá lò ó mọ́, ó padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú irin ṣe ń pòórá káàkiri ibẹ̀. Ní 1983 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ṣòfin pé tí ilé iṣẹ́ rélùwéè bá fẹ́ pa ọ̀nà kan tì, ó lè gbé e fún ẹni tó máa sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀, a ò ní kà á sí pé rélùwéè ti kú níbẹ̀, ó kàn ń sùn ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún nílò ẹ̀ wọ́n lè padà wá tẹ́ irin sí i. Ọgbọ́n àgbà ni, mo gbà fún wọn. Àwọn onílẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní 1990 pé òfin náà dúró, ṣùgbọ́n onílẹ̀ tí wọ́n bá fi du ohun tó tọ́ sí i lè béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Katy náà pẹjọ́, wọ́n sì jàre. Nítorí náà ẹ má rò pé wọ́n kàn fi ipá gbà á lásán.

Ẹ tún gbọ́ ti Boonville. Katy ní afárá kan níbẹ̀ láti 1932, tí àárín ẹ̀ ń gbéra sókè bí ọkọ̀ ojú omi bá ń bọ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ò tiẹ̀ gba orí ẹ̀ o, afárá mọ́tò ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Union Pacific tó jogún afárá náà fẹ́ tú irin ẹ̀ kó lọ síbòmíì, àwọn ará ìlú figbe ta, kì í ṣe torí ẹwà nìkan, ẹ̀rù bà wọ́n pé bí afárá bá lọ, ẹnì kan lè sọ nílé ẹjọ́ pé ọ̀nà ti já, pé rélùwéè ò lè padà wá mọ́, kí òfin 1983 yẹn má wá dáàbò bo Katy mọ́. Ìjà yẹn gùn, ó dé ilé ẹjọ́. Ní 2010 ni ilé iṣẹ́ náà wá fi afárá náà sílẹ̀ fún ìlú.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èèyàn ṣì lè wọ rélùwéè ní Union Station St. Louis tá a máa ń rí nínú fọ́tò? (Ọ̀pọ̀ èèyàn ló béèrè)

Rárá. Rélùwéè tó gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1978. Wọ́n ṣí tésàn yẹn ní 1894, láwọn ọdún 1940 èrò tó ń gba ibẹ̀ lé ní 100,000 lóòjọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya fọ́tò Ààrẹ Truman ní 1948 tó ń rẹ́rìn-ín tó gbé ìwé ìròyìn tó ní ó fìdí rẹmi nínú ìbò dání, bẹ́ẹ̀ òun ló wọlé. Hòtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ báyìí, àti ilé ẹja táwọn èèyàn ti ń wo ẹja láàyè, tí wọ́n ṣí ní 2019. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ sí ti ilé ẹja yẹn, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n wó o lọ. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ MetroLink, ògiri kan tó tẹ̀ bí ọrun ọfà wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ńlá, tẹ́nì kan bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ògiri lápá kan, ẹni tó wà lápá kejì á gbọ́ ọ ketekete.

ÌBÉÈRÈ: Ìjọba ti ṣe rélùwéè tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí táwọn òyìnbó ṣe ti di ti ewéko. Kí ló dé tá ò lè sọ ọ́ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bíi tiwọn? (Ọmọ Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta)

Sùúrù o, ọmọ Ẹ̀gbá. Ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 yẹn, kì í ṣe ẹ̀ka tó parí síbì kan, ó lọ dé Kánò, àlàfo tó wà láàárín irin ẹ̀ méjèèjì sì kéré ju ti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ tí ń lọ lórí ọ̀kan ò lè gun èkejì. Èmi ò ní bá yín sọ pé kí wọ́n wú u. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ti St. Louis ni pé kí ilẹ̀ abẹ́ irin yẹn má bàa já. Ẹ dé Agége kẹ́ ẹ wo bí ọjà ṣe ń tẹ́ sórí ojú irin, bí rélùwéè bá fọn wọ́n á kó igbá, bó bá kọjá wọ́n á tún tẹ́ ẹ padà. Ìyẹn ṣì rọrùn láti kó. Bíríkì àti símẹ́ńtì ni kì í ṣeé kó. Ẹ̀ka tó yà ní Ìfọ̀ tó gba Ìlaròó lọ sí Ìdogo, ibẹ̀ ni mo ti lè gbà pé ká sọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́, bí ilẹ̀ bá ṣì ṣẹ́ kù.

Tó bá sì jẹ́ ti ká tọ́jú nǹkan àtijọ́, ẹ má pariwo pé a ò ní. Ilé Jaekel wà ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1898, ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ ló tún un ṣe, wọ́n kó àwọn ohun èlò rélùwéè àtijọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Èkó, mélòó nínú yín ló ti débẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Chicago lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, a fẹ́ lọ gun Katy yẹn, àwọn ọmọ kéékèèké wà pẹ̀lú wa. Báwo la ṣe máa ṣe é? (Bàbá Méjì, Chicago)

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹ wọ rélùwéè Missouri River Runner láti St. Louis, ẹ gba àyè fún kẹ̀kẹ́ yín ṣáájú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ̀ ní Hermann, ẹ gba orí afárá odò Missouri sọdá sí McKittrick, ibẹ̀ ni Katy ti ń kọjá. Ẹ wá máa gùn ún bọ̀ wá sí St. Charles, ó tó bí 60 máìlì, ẹ fi ọjọ́ méjì ṣe é kẹ́ ẹ má pa ara yín. Kò ní òkè tó máa dá yín lágara, torí rélùwéè ò lè gun òkè.

Pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹ dúró sí ìgboro. Afárá McKinley wà níbẹ̀ láti 1910, rélùwéè oníná ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, láti 2007 ni àyè kẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀ ń wo Mississippi nísàlẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà ẹ kó wọn lọ sí ilé ìtọ́jú ohun ìrìnnà tó wà lápá Kirkwood, National Museum of Transportation, ẹ̀rọ rélùwéè ràgàjì tí wọ́n ń pè ní Big Boy kan wà níbẹ̀, nọ́ńbà 4006, ọ̀kan lára 25 tí wọ́n ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì, mẹ́jọ péré ló kù láyé. Àwọn ọmọ yín ò ní fẹ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n tẹ́ sójú Katy, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sáré ìje ò bá a mu. Kò sí iná lójú ọ̀nà, bílẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé omi dání torí abúlé kan máa ń jìnnà síkejì, tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò tí odò ń kún, ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọn ò ti apá kan pa kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.